Doxycycline àti aorta tó ń wú: oògùn tó gba eku là tí kò gba èèyàn

Oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni èsì ìwádìí kan lórí doxycycline, oògùn apakòkòrò kan, jáde nínú JAMA, ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ Kòrónà ló sì gba ẹnu gbogbo ayé nígbà yẹn, torí náà kò fi bẹ́ẹ̀ ta síta. Ohun tí wọ́n rí ò gùn rárá. Wọ́n kó àwọn èèyàn tí aorta (iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá) inú ikùn wọn ti ń wú jọ, wọ́n fún apá kan ní doxycycline fún ọdún méjì gbáko, wọ́n fún apá kejì ní kápúsù tí kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀, wọ́n wá wọn aorta gbogbo wọn. Mìlímítà 3.6 ni tàwọn tó lo oògùn fi fẹ̀ sí i. Tàwọn tí ò lo oògùn ńkọ́? Mìlímítà 3.6 náà ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń bá bọ̀ fún ohun tó lé lógún ọdún, pé doxycycline lè dín wíwú yẹn kù, tí eku ti gbà, tí èkúté ti gbà, tí wọ́n tiẹ̀ ti rí àpẹẹrẹ ẹ̀ lára èèyàn díẹ̀, ibẹ̀ ló parí sí.

Ẹjọ́ yẹn ni mo fẹ́ tú síta níbí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí mo rí i pé tí wọ́n bá ti sọ fún wa pé ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń gé nǹkan tàbí tó ń so nǹkan pọ̀ nínú ara) báyìí ló ń fa àìsàn báyìí, tí oògùn báyìí sì ń dá ẹ́ńsáìmù yẹn dúró, kíá la máa gbà pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí aorta fúnra ẹ̀. Òun ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lára, inú ọkàn ló ti jáde, ó yí po lókè àyà, ó sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀yìn ikùn, ìtòsí ìdodo ló ti pín sí méjì lọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Nínú ikùn, fífẹ̀ ẹ̀ máa ń tó bíi sẹ̀ntímítà 2 lára àgbàlagbà. Tó bá ti dé 3, wọ́n á ní ó ti di aneurysm, ìyẹn ni pé ibì kan lára ẹ̀ ti ń wú. Kì í dunni. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá kiri nígbà tí wọ́n ṣe scan, tí wọ́n wá bá a níbẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tú sínú ikùn, nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá bẹ́ fún, bíi mẹ́jọ ló ń kú, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní dé ọsibítù rárá.

Òun ló pa Albert Einstein. Lọ́dún 1948 dókítà Rudolph Nissen la ikùn ẹ̀, ó bá aorta tó ti wú, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pààrọ̀ ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ló bá fi cellophane wé e, nílọ́nù lásán, kó lè máa ta ara yẹn kí àpá líle bò ó yíká. Ó lé ní ọdún mẹ́fà tí ìyẹn fi gbé e. Nígbà tó bẹ́ lóṣù kẹrin 1955 wọ́n ní káwọn ṣe iṣẹ́ abẹ, bàbá kọ̀, ó kú ní ẹni ọdún 76.

Lóde òní iṣẹ́ abẹ ti wà, yálà kí wọ́n la ikùn kí wọ́n rán ọ̀pá tuntun sí i, tàbí kí wọ́n ki ọ̀pá náà gba inú iṣan itan wọlé láìla ikùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tiẹ̀, ìgbà wo gan-an ló wá yẹ kí wọ́n ṣe é? Wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1998 ni èsì ẹ̀ jáde, èèyàn 1,090 ló wà nínú ẹ̀, aorta gbogbo wọn wà láàárín sẹ̀ntímítà 4 sí 5.5. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan kíá, wọ́n ń fi scan ṣọ́ àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n tètè ṣe fún ò pẹ́ láyé ju àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́ lọ. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé ó dìgbà tó bá dé 5.5 fún ọkùnrin, tàbí bíi 5 fún obìnrin, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ oògùn yìí ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ wò ó, wọ́n sọ fún ẹnì kan pé nǹkan kan ń fẹ̀ nínú ikùn ẹ, ó ti di 4.1, máa lọ sílé, padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan ká wò ó bóyá ó ti fẹ̀ sí i. Oògùn wo ni kí n máa lò, dókítà? Kò sí. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún lèèyàn fi lè wà lẹ́nu ìyẹn torí díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹ̀, mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ́dún kan. Tí oògùn kan bá lè dín eré yẹn kù sí ìdajì péré, ọ̀pọ̀ ò ní dé 5.5 láéláé, wọn ò sì ní rí ọ̀bẹ rárá.

Ó wá kan ẹ́ńsáìmù.

Ara ògiri aorta ní nǹkan méjì tó gbé e ró jù, elastin àti collagen. Elastin ló jẹ́ kí aorta máa nà nígbà tí ọkàn bá lù kó sì máa padà sípò, collagen ló le koko tí kì í jẹ́ kó fàya. Inú oyún àti ìgbà ọmọdé lara wa ti ń ṣe elastin, tó bá ti kọjá ìgbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́, ohun tó wà nílẹ̀ náà la máa lò lọ. Ó lálòpẹ́ o, wọ́n ní bíi ọdún 70 ni ìdajì ẹ̀ máa fi wà. Àmọ́ tí nǹkan kan bá jẹ ẹ́, kò sí àtúnṣe gidi. Wọ́n ti dán an wò lára iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gé síta: tí wọ́n bá fi ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ elastin sí i, á fẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bẹ́, tí wọ́n bá fi èyí tó ń jẹ collagen sí i, á bẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó ń mú aorta wú àtohun tó ń mú un bẹ́ lè má jẹ́ nǹkan kan náà, kókó yìí á tún wúlò fún wa tó bá yá.

Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ nǹkan méjèèjì wọ̀nyí pọ̀, àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jù ni ẹbí tí wọ́n ń pè ní MMP. Jerome Gross àti Charles Lapière ló kọ́kọ́ rí ọ̀kan lára wọn lọ́dún 1962, ibi tí wọ́n sì ti rí i yani lẹ́nu: ìrù ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ máa ń ní ìrù, tó bá dàgbà ìrù náà á pòórá, wọ́n ń wá ohun tó ń jẹ ìrù yẹn, ẹ́ńsáìmù ni wọ́n bá. Lára èèyàn wọ́n lé ní ogún. Síǹkì ló wà láàárín gbùngbùn wọn, láìsí síǹkì wọn ò lè gé nǹkankan. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ara o, láìsí wọn ojú ọgbẹ́ ò ní jinná, eegun ò ní tún ara ẹ̀ ṣe. Ara máa ń tì wọ́n pa kó tó tú wọn jáde, nǹkan mìíràn ló máa ṣí wọn, purotéènì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní TIMP tó ń dì wọ́n mú kí wọ́n má ṣe àṣejù.

Nígbà tí wọ́n yẹ ara aorta tí wọ́n gé jáde nílé iṣẹ́ abẹ wò, wọ́n bá MMP-9 níbẹ̀ yanturu, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní macrophage ló ń tú u jáde. Wọ́n bá MMP-2, tó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì iṣan aorta fúnra ẹ̀ wá. Wọ́n bá MMP-12, tó lẹ̀ mọ́ ìyókù elastin. Èyí tó burú jù ni pé àwọn ègé elastin tí wọ́n bá ti gé máa ń pe macrophage mìíràn wá síbẹ̀, àwọn yẹn dé, wọ́n tún tú ẹ́ńsáìmù síta, ọ̀rọ̀ wá di àyípo.

Ṣé wọ́n kàn bá wọn níbẹ̀ ni, àbí àwọn gan-an ló ṣe é? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ilé iṣẹ́ ìwádìí sì gbìyànjú láti dá a lóhùn. Lọ́dún 2000 wọ́n tẹ èsì kan jáde lórí èkúté tí wọ́n ti yọ jíìnì MMP-9 kúrò lára wọn, wọ́n fi elastase, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ elastin, ba aorta wọn jẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, aorta wọn ò wú bíi ti èkúté yòókù. Lọ́dún 2002 àwọn mìíràn tún fi hàn pé MMP-2 àti MMP-9 jọ ń ṣiṣẹ́ ni: yọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, aneurysm ò ní wáyé. Wọ́n wá dá macrophage tó pé pérépéré padà sára èkúté tí ò ní MMP-9, aneurysm padà dé. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tí ò ní MMP-2, kò padà. Iṣẹ́ yẹn mọ́ tónítóní, èmi ò rí ẹni tó máa kà á tí kò ní gbà pé ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn.

Doxycycline ńkọ́, báwo ló ṣe débẹ̀? Oògùn apakòkòrò ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, ó ti wà lórí àtẹ láti 1967. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà eyín ni ọ̀nà míì ti là fún un. Lọ́dún 1983 Lorne Golub àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York rí i pé minocycline, ẹbí kan náà ni òun àti doxycycline, ń dín ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ collagen nínú erìgì eku onítọ̀ọ̀ ṣúgà kù, iṣẹ́ yẹn ò sì ní í ṣe pẹ̀lú kòkòrò pípa. Irú àwọn oògùn yìí máa ń so mọ́ irin, mọ́ calcium, mọ́ síǹkì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kéèyàn má fi mílíìkì mu wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé síǹkì ni MMP gbára lé. Lọ́dún 1998 FDA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí doxycycline mílígíráàmù 20 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún àìsàn erìgì. Mílígíráàmù 20 ò lè pa kòkòrò, ẹ́ńsáìmù ni wọ́n fi ń lé. Títí dòní ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí oògùn tó ń dá MMP dúró nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ṣe ní pàtó fún MMP, bíi marimastat tí wọ́n fẹ́ fi wo jẹjẹrẹ, kò yọrí sí rere, ńṣe ló tún ń fún àwọn èèyàn ní ìrora oríkèé.

Ẹ ti rí bó ṣe dùn tó lójú àwọn dókítà aorta. Oògùn tó ti wà nílẹ̀, tí kò wọ́n, tí wọ́n ti mọ gbogbo ìwà ẹ̀, tó ń lé ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Lọ́dún 1996 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó dín wíwú aorta eku kù. Lọ́dún 2000 wọ́n fún àwọn tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ní doxycycline ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n yẹ ara aorta tí wọ́n gé wò, MMP-9 ibẹ̀ ti wálẹ̀. Lọ́dún 2001 àwọn ará Finland gbé tiwọn jáde, èèyàn 32 péré, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi lo oògùn, wọ́n ń ṣọ́ wọn fún ọdún kan ààbọ̀, ó jọ pé tàwọn tó lò ó ò sáré fẹ̀ tó tàwọn yòókù. Lọ́dún 2002 Baxter àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún èèyàn 36 fún oṣù mẹ́fà, ara wọn gbà á, MMP-9 inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dín kù.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yẹn, tí ẹ bá bi mí, èmi náà á ní kí wọ́n máa fún àwọn èèyàn ni. Ọlọ́run ṣe é wọ́n ní rárá, ká ṣe ìdánwò ńlá ná.

Ilẹ̀ Netherlands ló kọ́kọ́ parí tiwọn. Èèyàn 286, mílígíráàmù 100 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, oṣù 18, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ̀ bóyá oògùn ni òun ń mu àbí òfìfo, dókítà náà ò mọ̀. Ọdún 2013 ni èsì ẹ̀ jáde, ó sì burú ju pé kò ṣiṣẹ́ lọ. Tàwọn tó lo doxycycline fi mìlímítà 4.1 fẹ̀, tàwọn tó lo òfìfo fi 3.3. Oògùn tí wọ́n ní kó dín in kù, ó jọ pé ó tún fi kún un díẹ̀! Wọ́n tiẹ̀ dá ìdánwò náà dúró ṣáájú àkókò.

Àwọn kan ní bóyá oògùn tí wọ́n fún wọn kéré, bóyá ultrasound tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ò péye tó. Ó dáa, àwọn Amẹ́ríkà náà ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2013 kan náà, wọ́n pè é ní N-TA3CT. Ọsibítù 22, èèyàn 261, ìlọ́po méjì oògùn, ìyẹn mílígíráàmù 100 láàárọ̀ àti lálẹ́, ọdún méjì, CT scan ni wọ́n fi wọn gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin tí tiẹ̀ wà láàárín 3.5 sí 5, obìnrin láàárín 3.5 sí 4.5. Àwọn 254 tí wọ́n rí èsì wọn kà ló fún wọn ní 3.6 àti 3.6 tí mo sọ lókè yẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé Baxter tó ṣe ti 2002, tó ti ń gbé oògùn yìí kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló léwájú nínú èyí tó sọ pé kò ṣiṣẹ́, ó sì kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an láìyí i po.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn fún mi, torí kò sẹ́ni tó lè ní èkúté purọ́.

Mo gbà pé àkókò ló kó bá a jù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lára eku: òní ni wọ́n máa fi elastase ba aorta jẹ́, òní náà tàbí kí wọ́n tiẹ̀ tó bà á jẹ́ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní doxycycline, ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n á wọ̀n ọ́n. Oògùn ti wà nínú ara kí ẹ́ńsáìmù tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Èèyàn tí wọ́n bá rí tiẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 4, ọ̀pọ̀ ọdún ni nǹkan yẹn ti ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, elastin ibẹ̀ ti lọ púpọ̀púpọ̀, ara ò sì lè ṣe òmíràn. Ikán ti jẹ inú òpó tán, a wá lọ ra oògùn ikán. Ká ní oògùn náà pa gbogbo ikán tó wà níbẹ̀, òpó yẹn ò ní tìtorí ẹ̀ le padà, ẹrù tó wà lórí ẹ̀ á ṣì máa tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń gbá a ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù.

Èkejì, ohun tí wọ́n bá níbi ìṣẹ̀lẹ̀ kọ́ ni gbogbo ẹ̀ ń ṣe ibi. Tí elastin bá ti lọ, collagen ló kù tó ń di aorta mú, collagen yìí kì í dúró sójú kan, ara ń gé ti àtijọ́ ó ń ṣe tuntun, MMP ló sì ń gé e. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tó fẹ́ lọ tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, MMP-2 ló fi ń la ọ̀nà fún ara ẹ̀. Tó o bá wá dá gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, o lè ti dá àtúnṣe náà dúró mọ́ ọn. Bóyá ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ ní Netherlands, bóyá èèṣì ni, ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí a mọ̀ nípa àwọn ẹ́ńsáìmù yìí mu.

Ẹ̀kẹta, MMP ò dá wà. Inú aneurysm tó ti tóbi, ẹ̀jẹ̀ dídì máa ń kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil máa ń há sínú ẹ̀, wọ́n á máa tú elastase tiwọn jáde. Plasmin, ẹ́ńsáìmù mìíràn, wà níbẹ̀ tó ń ṣí MMP tí ara tì pa. Cathepsin tún wà, òun náà ń jẹ elastin, kò sì sí síǹkì kankan nínú tiẹ̀ tí doxycycline máa so mọ́. Èkúté inú yàrá ìwádìí, ẹ́ńsáìmù kan tàbí méjì ló gbé gbogbo iṣẹ́ sórí torí àwa la fọwọ́ ara wa fa wàhálà náà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Lára bàbá ẹni ọdún 70 tó ti mu sìgá fún ogójì ọdún, ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n oògùn náà wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fún èkúté ju ti èèyàn lọ tí wọ́n bá fi kílò pín in, àmọ́ ara èkúté náà ń yára lo oògùn tán ju tiwa lọ, torí náà mi ò kà á sí tó bẹ́ẹ̀. Nípa èèyàn 32 ti Finland yẹn, èèyàn 32 ni. Ká gbé e jù síbẹ̀.

Kì í sì í ṣe doxycycline nìkan ló forí gbá. Pemirolast, tó ń mú mast cell, irú sẹ́ẹ̀lì ara kan, dákẹ́ kó má tú ẹ́ńsáìmù tiẹ̀ bíi chymase jáde, wọ́n dán an wò lára èèyàn 326, 2015 ni èsì jáde, kò dín nǹkankan kù. Perindopril, tó ń dá ẹ́ńsáìmù ACE dúró, tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n dán òun náà wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 2016, ó mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n aorta ń fẹ̀ lọ bó ṣe ń fẹ̀.

Ẹ wá fi wé aorta ti òkè, èyí tó súnmọ́ ọkàn, lára àwọn tí wọ́n bí àìsàn Marfan mọ́. Jíìnì kan ló bàjẹ́ lára wọn, FBN1, òun ló ń ṣe purotéènì tó di elastin mú. Lọ́dún 2006 wọ́n fún èkúté Marfan ní losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, iṣẹ́ ìyanu ni. Wọ́n dán an wò lára ọmọdé àti ọ̀dọ́ 608, wọ́n fi wé atenolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, 2014 ni èsì dé, kò sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, àwọn èèyàn bojú jẹ́ pé òun náà ti kú. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2022 wọ́n kó gbogbo ìdánwò irú ẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n rí i pé irú oògùn bíi losartan dín eré tí aorta fi ń fẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdajì, àwọn tó ti ń lo atenolol àti irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà sì ń jẹ èrè ẹ̀. Mo mọ̀ pé àìsàn méjèèjì ò dọ́gba. Síbẹ̀, àwọn ti Marfan, a mọ̀ wọ́n láti kékeré, oògùn ti ń wọlé kí nǹkan tó bàjẹ́ tán. Ìyẹn tún fún mi lágbára láti sọ pé àkókò ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù aorta kì í mẹ́nu bà tó. Gbogbo oògùn tí a ti kà látòkè wá yìí, dídá dúró ni iṣẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńsáìmù tó ń kọ́lé náà wà níbẹ̀, lysyl oxidase ni wọ́n ń pè é, bàbà ló ń lò bí MMP ṣe ń lo síǹkì, òun ló ń so okùn elastin àti collagen pọ̀ kí wọ́n le. Oró kan wà nínú èso òdòdó sweet pea tó ń dá ẹ́ńsáìmù yìí dúró, ẹranko tó bá jẹ ẹ́, aorta ẹ̀ lè bẹ́, àwọn tó ń ṣe ìwádìí tiẹ̀ ń fi oró yẹn dá aneurysm sára èkúté. Lọ́dún 2016 wọ́n rí i nínú àwọn ìdílé kan pé jíìnì lysyl oxidase tó bàjẹ́ ló ń fa aorta tó ń wú láti ìran dé ìran. Gbogbo owó àti ọgbọ́n ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wó, àwọn tó ń kọ́ ò rí olùrànlọ́wọ́, kò sì tíì sí oògùn kankan tó lè mú kí aorta àgbàlagbà ṣe elastin tuntun tó dáa. Tèmi ni pé ibẹ̀ ló yẹ ká máa wò.

Ẹni tó bá ní aneurysm kékeré tó ń ka èyí, má lọ ra doxycycline sínú ilé o. Kò ní ràn ẹ́ lọ́wọ́ fún èyí, á tún jẹ́ kí oòrùn máa jó ẹ lára, ó sì lè ta ọ̀nà ọ̀fun ẹ tó o bá fi omi díẹ̀ mu ún tó o wá lọ sùn. Sìgá ni kó o fi sílẹ̀, torí ó ń mú aneurysm yára fẹ̀, ó sì ń mú un tètè bẹ́. Statin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n á fún ẹ, lò ó, ọkàn àti ọpọlọ ẹ ló wà fún, ẹ̀jẹ̀ ríru náà bákan náà. Má pa scan jẹ. Tí dókítà mìíràn bá fẹ́ fún ẹ ní ciprofloxacin tàbí levofloxacin fún àìsàn kòkòrò, sọ fún un pé o ní aneurysm, FDA ti kìlọ̀ lóṣù kejìlá 2018 pé kí wọ́n má fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ àfi tí kò bá sí òmíràn. Ẹ wo bí ayé ṣe rí, oògùn apakòkòrò kan ni wọ́n rò pé ó máa dá ẹ́ńsáìmù dúró, òmíràn ni wọ́n ń fura sí pé ó ń ru wọ́n sókè.

Ní báyìí metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ni gbogbo ojú ń wò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látinú ohun àjèjì kan: àwọn onítọ̀ọ̀ ṣúgà tí ọkàn wọn sábà máa ń níṣòro ju tẹlòmíràn lọ, aneurysm inú ikùn ò wọ́pọ̀ lára wọn tó, tó bá sì wà kì í sáré fẹ̀. Àwọn kan ní ṣúgà tó so mọ́ collagen ló mú kí MMP má rí i gé. Àwọn mìíràn wo oògùn tí wọ́n ń lò, wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo metformin gan-an ni tiwọn ń lọ jẹ́jẹ́. Lára èkúté náà, ó ṣiṣẹ́. Ẹ ti mọ orin yẹn. Torí náà mi ò tíì jó sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fún àwọn tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà ní metformin nínú ìdánwò gidi, ọ̀kan lára wọn tí wọ́n ń pè ní MAT láti Australia fẹ̀ ju gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ fún doxycycline lọ, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kà níbẹ̀ kì í ṣe mìlímítà, iye àwọn tí tiwọn bẹ́ tàbí tí wọ́n ní láti gbé lọ síbi iṣẹ́ abẹ ni.